Òjò Kétu, òjò Ṣábẹ̀: ọjọ́ mẹ́fà lójú ọ̀nà

Ọdún mẹ́ta rèé tí àwa mẹ́ta ti ń bára wa jiyàn lórí òjò. Èmi ń gbé ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nítòsí ọ̀sà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe kafíńtà wà ní Kétu. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè wà ní Ṣábẹ̀. Bí òjò bá ti dá báyìí, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún: "Mélòó lẹ rí lọ́dọ̀ yín?" Kafíńtà kì í rí kékeré. Bí mo bá ní mo rí mìlímítà 20, á ní òun rí 35. Bí Bàbá bá ní 40, tirẹ̀ á di 60. Lọ́dún yìí ni mo sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá fojú ara mi rí ìgò tó fi ń wọn òjò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má gbàgbé agbòjò mi sílé.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní jọ́gíráfì, ní òun á bá mi lọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí n lọ dójú ti ilé wa.

Ọjọ́ kìíní: Àjàṣẹ́ sí Pọ́bẹ̀

Aago méje àárọ̀ ni mo wo ìgò. Aago méje náà ni àwọn tó ń fi òjò wíwọ̀n ṣiṣẹ́ ṣe nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ máa ń wo tiwọn. Ohun tó bá rọ̀ láti aago méje àná sí aago méje òní ni wọ́n ń kà sí òjò ọjọ́ kan. Òfo ni mo bá. Ọjọ́ kọkànlá nìyẹn tí mo ti ń kọ òdo sínú ìwé. Ojú ọ̀run ṣú bí ẹni pé òjò ò ní í jẹ́ ká délé, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ara tutù, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan ò kán sílẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ mọ ìparí oṣù kẹjọ: àwọsánmà láàárọ̀, oòrùn díẹ̀ lọ́sàn-án, òtútù díẹ̀ lóru tí àwọn ìyá àgbà fi ń wá aṣọ bo èjìká.

Àlejò a máa rò pé ẹni tó bá sún mọ́ òkun ló ń rí òjò jù. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Òjò máa ń tẹ̀ lé oòrùn lọ sókè. Nígbà tó bá fi di oṣù yìí, ó ti kọjá lórí wa, ó ti lọ jókòó sí apá Natitingou àti Kandi ní àríwá, níbi tó jẹ́ pé oṣù kẹjọ gan-an ni òjò wọn ń pọ̀ jù. Nǹkan kejì ni òkun fúnra rẹ̀. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire. Atẹ́gùn tó bá gba orí omi tútù kọjá kì í lágbára láti gbé àwọsánmà ga. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi ń ṣú lásán. Síbẹ̀, ó yẹ kí àwa ará Àjàṣẹ́ dúpẹ́: ẹni tó bá gba etíkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn, láti ọ̀dọ̀ wa dé Grand-Popo, á rí i pé ńṣe ni òjò ọdún ń dín kù bó ṣe ń lọ.

Kí a tó jáde nílé, àbúrò mi ní kí n fi ibi tí mo gbé tẹmómítà mi kọ́ han òun. Abẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé ni. Ó wò mí, kò sọ̀rọ̀. Ó yọ tirẹ̀ nínú àpò, ó so ó mọ́ ẹ̀ka igi níbi tí oòrùn ò ti tà á, níwọ̀n gíga àyà ènìyàn, tí atẹ́gùn ń gbà ibẹ̀ kọjá. Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, tèmi ní 34, tirẹ̀ ní 28.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ooru páànù lẹ ti ń wọ̀n láti ọdún mẹ́ta."

N kò fèsì. Mo ká ẹrù àti ìgò òjò mi kejì sínú ọkọ̀.

Ọ̀nà Ṣakété dùn ún gbà. Àwọn tó ń ta epo kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, to ìgò wọn sẹ́bàá ọ̀nà bí ọtí ìgbéyàwó. Pọ́bẹ̀ ni a sùn. Nírọ̀lẹ́, òjò winniwinni kan bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí í mú kí aṣọ tutù tí kì í sì í mú kí ìgò mì. Kò tó mìlímítà kan. Àbúrò mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ó kán," ó ní ẹni tó bá kọ òdo síbi tí òjò ti kán ti purọ́. Kò ya ni lẹ́nu pé ìlú yìí ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ sí ní ọdún 1922. Ọ̀pẹ fẹ́ràn omi, igun gúúsù-ìlà-oòrùn yìí sì ni òjò ti pọ̀ jù ní gbogbo ìsàlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ọjọ́ kejì: Ọ̀họ̀rí

Ilẹ̀ pupa parí lẹ́yìn Pọ́bẹ̀, amọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí nìyẹn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú un, á là débi pé ọwọ́ ènìyàn á wọ inú rẹ̀. Bí òjò bá bá a, á wú, á sì di ẹrẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbéra. Láyé àtijọ́, ẹrẹ̀ yìí ni odi wọn.

A yà sí ọ̀nà oko kan kí àbúrò mi lè ya àwòrán. Ó padà wá pẹ̀lú bàtà kan ṣoṣo. Ekejì ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ọjọ́ kẹta: Kétu

A gba ẹ̀gbẹ́ Àkábà Ìdènà kọjá, ẹnu-bodè àtijọ́ ti ìlú náà, ìlú tí àwọn ará Dahomey fọ́ ní ọdún 1886. Mo fẹ́ dúró wò ó, ṣùgbọ́n Kafíńtà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń ju ọwọ́ sí wa bí ẹni tó fẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ṣe ìgò òjò, kí ìjà náà lè yé yín. Ẹ wá ìgò ike tí ara rẹ̀ tọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ dojú orí náà dé, kí ó dà bí àrọ, kí òjò tó bá wọlé má baà gbẹ. Ẹ da omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ títí ibi tí ìdí ìgò ti wọ́ fi máa tẹ́jú, ẹ fa ìlà síbẹ̀, ìlà náà ni òdo. Láti ibẹ̀ lọ sókè, rúlà ló kù. Mìlímítà kan túmọ̀ sí pé lítà omi kan rọ̀ sórí gbogbo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóòró.

Kafíńtà ò gé orí ìgò tirẹ̀ lò. Ó ní ìyẹn ò níyì. Ó lọ ra àrọ ńlá kan lọ́jà, ó gbé e lé orí ìgò, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó sì kan àpótí igi àràbà yí i ká, pẹ̀lú ọnà lára. Ó rẹwà lóòótọ́. Ojú ni mo fi jẹ ẹ́ fúngbà díẹ̀. Àbúrò mi ní kó jọ̀ọ́ kó yá òun ní téèpù tó fi ń wọn pákó.

Ẹnu àrọ: sẹ̀ǹtímítà 12. Inú ìgò: sẹ̀ǹtímítà 10.

"Ẹ̀gbọ́n, méjìlá lọ́nà méjìlá jẹ́ mélòó?"

"Mẹ́rìnlélógóje."

"Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá ńkọ́?"

Ó dákẹ́. Kafíńtà ni, kò sí ẹni tó ní láti bá a parí ìṣirò náà. Àrọ rẹ̀ ń kó òjò láti ibi tó fẹ̀ ju inú ìgò lọ, ó wá ń rọ́ ọ jọ sójú kan. Òjò tó jẹ́ 100 ń di 144 lójú rẹ̀. Mìlímítà 36 tó tìtorí ẹ̀ pè mí láàárín òru lóṣù karùn-ún kò ju 25 lọ.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó gbójú sókè.

"Tìrẹ ńkọ́? Ibo lo gbé ìgò tìrẹ sí?"

Mo ní àgbàlá. Àbúrò mi, ẹni tí mo fi owó ara mi sanwó mọ́tò fún, ní: "Ẹ̀bá ògiri ni, ẹ̀gbọ́n. Abẹ́ etí òrùlé."

Ibi tí Kafíńtà ti rẹ́rìn-ín nìyẹn débi pé ìyá rẹ̀ jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Òjò ńlá wa láti ìlà-oòrùn ni í ti í wá, ó sì ń dagun. Ilé mi ló ń gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó kan ìgò. Ohunkóhun tó bá ga, ó yẹ kí ìgò jìnnà sí i tó ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, ó kéré tán. Nítorí náà, òun ń fi kún un, èmi ń yọ kúrò níbẹ̀, a sì ti jókòó lórí irọ́ méjèèjì bú ara wa fún ọdún mẹ́ta.

Ìyá wọn gbé ẹ̀kọ àti ẹja wá. Wọ́n ní ohun tí a ń bá ara wa jà lé lórí, ìkòkò àwọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn, ẹni tó bá gbẹ́ kànga níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń gba omi òrùlé sínú ìkòkò àti ihò tí wọ́n gbẹ́. "Níbí o, òjò lọmọ tí í pọnmi fún wa," ni Ìyá wí, "bí ó bá lọ ṣeré lóṣù kẹjọ, a mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ìkòkò."

Lóru, ó rọ̀. A ti gbé ìgò méjèèjì sí gbangba pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tèmi àti tirẹ̀, ẹsẹ̀ márùn-ún síra. Láàárọ̀, tèmi ní 14. Tirẹ̀ ní 20. Ó mú bírò, ó pín 20 sí 1.44, ó rí 13.9. Ó wo ìwé náà pẹ́, ó wá sọ fún àpótí rẹ̀ pé, "O sì dára tó yìí."

Ọjọ́ kẹrin: ọ̀nà Ṣábẹ̀

Ọjọ́ mọ́tò ni. Kétu sí Bohicon, Bohicon sí Ìdáàṣà, Glazoué, Ṣábẹ̀. Odò Wémè la dá lẹ́ẹ̀méjì, lẹ́ẹ̀kan kí a tó dé Bohicon, lẹ́ẹ̀kan kí a tó wọ Ṣábẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí ni mo ní kí awakọ̀ dẹwọ́ díẹ̀. Omi náà pupa bí omi amọ̀, ó kún dé ẹsẹ̀ igi, ó ń gbé ẹ̀ká lọ. Mo ronú pé Àjàṣẹ́ ni gbogbo èyí ń lọ.

Awakọ̀ náà ní kí n sanwó àfikún nítorí pé mo dá òun dúró. Mo san án. Kò sí iye tí n kò ní san láti wo odò.

Ọjọ́ karùn-ún: Ṣábẹ̀

A jí bá ìkùukùu tó bo orí àwọn òkè. Àpáta ńláńlá wọ̀nyẹn, tí ènìyàn ń rí láti ọ̀nà jíjìn, kò sí èyí tó fojú hàn títí di aago mẹ́wàá. Bàbá ní ìkùukùu yìí kì í rọ òjò, àlejò lásán ni. Ó ń ti òkun bọ̀ lóru. Mo rò pé ìtàn àgbà ni, àfi ìgbà tí àbúrò mi ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Jámánì, Faransé àti ilẹ̀ wa níbí gbé ẹ̀rọ wá sí Ṣábẹ̀ nítorí ìkùukùu yìí kan náà, wọ́n sì gbé irú rẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ àti Kumasi. DACCIWA ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Wọ́n ń ju bàlúùnù sókè tọ̀sán-tòru. Wọ́n rí i pé atẹ́gùn tútù láti òkun máa ń rin ìrìn nǹkan bí kìlómítà 185 dé Ṣábẹ̀ lálẹ́, òtútù náà ni í sì í mú kí ìkùukùu dì mọ́ ojú ọ̀run kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú mi dùn láti gbọ́ pé Ṣábẹ̀ àti Ifẹ̀ jọ wà nínú iṣẹ́ kan. Bàbá ní òun rí àwọn bàlúùnù náà, òun rò pé ti ọmọdé ni.

Agolo ni Bàbá fi ń wọn òjò. Agolo gbọọrọ kan, tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ bára wọn dọ́gba, wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọlẹ̀ láàárín oko iṣu, kò sí igi, kò sí ògiri. Rúlà ọmọ iléèwé wà nínú àpò wọn. Nínú àwa mẹ́ta, àwọn nìkan ni ìwọ̀n wọn tọ́ láti ọjọ́ kìíní, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. N kò pe Kafíńtà láti sọ fún un lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kó sùn.

Wọ́n gbé ìwé wọn jáde. Ohun tó fà mí mọ́ra jù nínú rẹ̀ ni pé Ṣábẹ̀ kò tíì pinnu. Àwa ti Àjàṣẹ́ ní òjò lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún: èyí ńlá láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, èyí kékeré láti oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kọkànlá, pẹ̀lú ìsinmi oṣù kẹjọ láàárín. Kandi ní ẹyọ kan gbòòrò. Ní Ṣábẹ̀, ọdún kan á ṣe bíi ti Àjàṣẹ́, ọdún kejì á ṣe bíi ti òkè. Àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í mọ èyí tó ń bọ̀ títí ó fi máa dé. Bàbá ní àkọ́rọ̀ òjò kì í ba àwọn lẹ́rù. Àrọ̀kúrò ni àwọn ń bẹ̀.

Ọ̀sán mú. Tẹmómítà àbúrò mi ní 32 lábẹ́ igi. Ní aago mẹ́rin ku díẹ̀, atẹ́gùn dúró pátápátá. Ewé kan ò mì. Ooru wá rọ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tútù. Bàbá ò gbójú sókè; ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Èèrà ń gbé ẹyin wọn gun ẹsẹ̀ àga. Wọ́n ní ká kó aṣọ wọlé.

Ìlà-oòrùn ló ti wá, láti ọ̀kánkán ibodè Nàìjíríà. Mo ti rí òjò rí, mo ti rí ìjì rí, ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́, ilé àti igi kì í jẹ́ ká rí i látòkèèrè. Níbi tí a wà lẹ́sẹ̀ òkè yìí, mo rí gbogbo rẹ̀. Ó dúdú láti àríwá dé gúúsù bí ògiri tí ẹnìkan ń tì bọ̀, etí rẹ̀ iwájú ká róbótó bí ẹní tí a ká, abẹ́ rẹ̀ sì funfun. Àbúrò mi ń ka ìṣẹ́jú àáyá láàárín mànàmáná àti àrá: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kìlómítà márùn-ún. Lẹ́yìn náà mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà mẹ́fà.

"Ẹ wọlé," ni Bàbá wí, wọ́n sì da aṣọ bo dígí ara ògiri.

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé, òjò ò tíì kán. Ó tutù bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn fìríìjì sí wa lójú. Eruku dìde, ẹ̀ka máńgòrò kan já, páànù ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara rẹ̀. Bàbá ní Ọya nìyẹn, òun ni í ṣíwájú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ tí í dá igi lókè lókè. Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ: òjò tó ń bọ́ látòkè gba inú atẹ́gùn gbígbẹ kọjá, apá kan nínú rẹ̀ gbẹ dànù, gbígbẹ yẹn mú atẹ́gùn náà tutù, ó di ẹrù wúwo, ó jábọ́ lulẹ̀, ó sì tàn síwájú kí òjò tó dé. Ìlà ìjì bẹ́ẹ̀ a máa ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn bí ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ohun tí mo sọ náà lo tún sọ, tìrẹ kàn gùn."

Àrá kan wá sán tí kò fún wa láyè láti ka oókan. "Kábíyèsí o!" ni Bàbá ké. Èmi náà ké e. N kò tíì ké e rí látìgbà tí mo ti dàgbà, ṣùgbọ́n àwọn àrá kan wà tí kò jọ èyí tí ènìyàn ń dákẹ́ fún.

Lẹ́yìn náà la ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju páànù lọ. A ò rí òkè, a ò rí ilé ìkejì, a ò rí agolo. Fún bí ogójì ìṣẹ́jú ó ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á. Lẹ́yìn náà ó fà sẹ́yìn, ó di òjò jẹ́jẹ́ tó rọ̀ dé àṣálẹ́. Tẹmómítà ti lọ láti 32 sí 22. Ìyàwó ilé dín wàgàṣì, wàrà àwọn Fúlàní, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú iṣu tuntun, gbogbo wa da ìbora.

Ọjọ́ kẹfà: Ṣábẹ̀ sí Àjàṣẹ́

Aago méje. Agolo Bàbá ní 53. Ìgò mi, tí a gbé sí gbangba oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní 52. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé mo yege ìdánwò.

Kí a tó wọ mọ́tò, a lọ fẹsẹ̀ rìn dé ibùdó ojú ọjọ́ ìlú náà. Ọ̀kan ni nínú mẹ́fà tó jẹ́ àgbà ní orílẹ̀-èdè yìí: Kútọnu, Bohicon, Ṣábẹ̀, Parakou, Natitingou, Kandi. A ò wọlé. Láti ẹ̀yìn wáyà la ti ń wo àpótí funfun tí wọ́n ń gbé tẹmómítà sí, tí ara rẹ̀ là gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé kí oòrùn má lè wọlé. Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan nípa páànù. Ó kàn ń wò mí.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a wọ Àjàṣẹ́. Ìgò ẹ̀bá ògiri: òfo, ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rìn dé etí ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pákó tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi máa ń gùn ti wà lábẹ́ omi. Ìyá kan tó ń kó ẹja bọ̀ láti Aguégué ní omi òkè ti ń dé, ó ní àwọn ti ń gbé ẹrù sórí àjà. Bó ṣe ń rí nìyẹn lọ́dọọdún: oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni Wémè ń kún jù ní ìsàlẹ̀, omi tí àwa ò rí rírọ̀ rẹ̀ ni í wá bá wa nílé. Ní ọdún 2010, ó ba ilé àti oko jẹ́ débi pé àwọn tó ṣì kéré nígbà náà ń sọ ọ́. Mo tẹsẹ̀ bọ omi náà. Ó pupa.

Mo gbé ìgò lọ sí àárín àgbàlá. Ìyàwó mi bi mí ibi tí òun á máa sá aṣọ sí báyìí.

Lálẹ́, fóònù dún.

"Mélòó?" ni Kafíńtà wí.

"Òdo."

"Mo rí 11. Mo ti gé àrọ náà."